Ṣé fíìmù tó dára jù ló ń gba àmì ẹ̀yẹ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé fíìmù tó dára jù ló ń gba àmì ẹ̀yẹ lóòótọ́. Nígbà míì ni o. Òfin ìdíje ló kọ́kọ́ ń yọ fíìmù míì kúrò kí ẹnikẹ́ni tó wo bó ṣe dára tó. Ẹ wo Lionheart, fíìmù Genevieve Nnaji: lọ́dún 2019, àwọn tó ń fúnni ní Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ti Amẹ́ríkà, yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje fíìmù ilẹ̀ òkèèrè torí pé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì náà la fi ń ṣẹjọ́ ní kóòtù wa!

Ti AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards), àmì ẹ̀yẹ fíìmù tí wọ́n ń ṣe l'Ékòó níbí, yàtọ̀. Àwọn adájọ́ ló ń yan ẹni tó borí ní àwọn ẹ̀ka kan, àwa òǹwòran ń dìbò fún àwọn ẹ̀ka míì. Ibi ìbò yẹn ni mo ti ń fura, torí òṣèré tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé lórí Instagram ti fẹsẹ̀ kan wọlé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èmi, ẹ̀bùn àwọn tó fi kámẹ́rà ya fíìmù àtàwọn tó ṣètò ohùn ni mo máa ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ ná owó yín ní sinimá Ìkẹjà lópin ọ̀sẹ̀, ẹ bi ẹni tó ti wo fíìmù náà.