Bàbá ń bẹ̀ pé kí dókítà jẹ́ kí àwọn sùn lọ: ṣé ó ṣeé ṣe níbí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Jẹjẹrẹ prostate ló ń bá bàbá wa jà, ó ti wọ eegun ẹ̀yìn, ilé ìwòsàn sì ti ní kí á máa gbé wọn lọ sílé. Lóròòru ni wọ́n ń ké. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n bẹ dókítà kó gún àwọn ní abẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kí àwọn sùn lọ, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní òfin fàyè gbà á lọ́hùn-ún. Ṣé dókítà lè ṣe é níbí? Bí kò bá ṣeé ṣe, ṣé kò yẹ kí ìjọba yí òfin náà padà ni?

Àkọ́bí ọkùnrin, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ sì kú àìsùn. Ọlọ́run á tù wọ́n lára.

Kò ṣeé ṣe níbí o. Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n gbére ni abala 326 là kalẹ̀ fún ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Pé aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kò gba dókítà sílẹ̀. Pé ikú ti ń bọ̀ lọ́nà tẹ́lẹ̀ kò gbà á sílẹ̀ bákan náà, nítorí ẹni tó bá mú ikú aláìsàn yá, òfin kà á sí ẹni tó pa á ni. Ìlànà iṣẹ́ àwa dókítà náà kà á léèwọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ́ wá bá yín pé òun yóò bá yín ṣe é ní kọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà ló kọ́kọ́ wọ́gi lé òfin àtijọ́ ní 2015, ilé aṣòfin wọn sì ṣe tuntun ní 2016. Netherlands àti Belgium ti wà nídìí rẹ̀ láti 2002. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ó ti ń lọ láti 1997: aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé, dókítà méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kò dà bí ẹni tí yóò lò ju oṣù 6 lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé oògùn náà mì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn aṣòfin dìbò lórí irú rẹ̀ ní November 2024, 330 fara mọ́ ọn, 275 kọ̀ ọ́. Ẹ rí i pé àwọn náà kò fẹnu kò.

Ohun kan wà nínú àkọsílẹ̀ ọdọọdún Oregon tó wu mí kí gbogbo ọmọ tó ń tọ́jú òbí mọ̀. Wọ́n máa ń kọ ohun tó mú aláìsàn béèrè oògùn náà sílẹ̀, ìrora kọ́ ló sì ń ṣíwájú. Ohun tí wọ́n ń sọ jù ni pé àwọn ò lè dá nǹkan ṣe fún ara àwọn mọ́, pé kò sóhun tó ń dùn mọ́ àwọn nínú mọ́, pé iyì àwọn ti lọ. Ọ̀pọ̀ ló tún ń sọ pé àwọn ò fẹ́ di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn. Nínú ẹni mẹ́ta tó gba oògùn náà, bí ẹnì kan kì í lò ó rárá títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìdí nìyí tí èmi ò fi fara mọ́ ọn pé kí á ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa báyìí. Mo gbọ́ tàwọn tó ń béèrè rẹ̀, mi ò sì fojú kéré wọn, torí ẹni tó ń jẹ̀rora ló mọ bó ṣe ń dun òun. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, àpò ọmọ ni owó ìtọ́jú ti ń jáde, àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ sí yàrá sì ń gbọ́ gbogbo iye tí ẹ ń dá lójúlé. Mo tọ́jú bàbá kan rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní kí n jẹ́ kí òun máa lọ. Nígbà tí mo jókòó tì wọ́n tí mo bi wọ́n dáadáa, wọ́n ní àwọn gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ pé àwọn fẹ́ ta oko kaṣú. Báwo ni èmi dókítà ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ àbí gbèsè?

Àwọn kan máa ń fi abọ́bakú Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ bá mi jiyàn, pé ó pẹ́ tí Yorùbá ti mọ kí ènìyàn yan ikú. Mi ò gbà. Oyè ló pa abọ́bakú. Gbogbo ìlú ló ń retí kó lọ. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an nìyẹn, kí ó wá di pé gbogbo ilé ń retí kí bàbá lọ.

Nítorí náà, ẹ wádìí ẹ̀sín tí bàbá ń sọ. Ẹ dúró dìgbà tí ìrora bá rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ló ń dùn yín jù?” Ó lè jẹ́ pé ìyàwó ọmọ ló ń wẹ̀ wọ́n, tí ojú ń tì wọ́n. Ọmọkùnrin lè gba ìyẹn ṣe láàárọ̀ ọ̀la.

Igbe òru yẹn ló kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń wọ̀, paracetamol àti tramadol ni wọ́n ń fún aláìsàn, ìgbà tó bá ké ni wọ́n sì ń sáré wá a. Ìrora eegun kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀. Aago la fi ń ṣọ́ ọ, kí oògùn ti wọra kó tó dìde. Èyí tó lágbára tó o ni morphine olómi, tí à ń fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ wọ̀n sí wọn lẹ́nu ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìwọ̀n rẹ̀, dókítà tó bá yẹ̀ wọ́n wò ni yóò sọ ọ́, ẹ má ṣe fi kún un fúnra yín. Ẹ máa kọ aago àti ìwọ̀n sínú ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ wọn ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá ń yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹni tí ara ti ń tù kì í di etí bẹ́ẹ̀dì mú pinpin. Morphine máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn láti ọjọ́ kìíní. Oorun lè máa kùn wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé oògùn ikú ni. Bí a bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, kì í pa aláìsàn. Ní ti bárakú, kò yẹ kí ìyẹn kọ yín lóminú lórí bàbá tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun.

Ẹ mú káàdì wọn àti gbogbo èsì àyẹ̀wò lọ sí ilé ìwòsàn UCH n’Ìbàdàn. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn mọ́ ni wọ́n ń tọ́jú, kí ara lè tù wọ́n. Ẹ béèrè ìtọ́jú onítànṣán pẹ̀lú: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá tàn án sí eegun tó ń ro lè mú kó fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn díẹ̀ wà tí ìrora wọn ò gbọ́ gbogbo èyí. Àwa dókítà lè fún irú wọn ní oògùn oorun láti dẹ̀ wọ́n lára, láì gbèrò àtipa wọ́n.

Ẹ̀tọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ bàbá tí ọ̀pọ̀ ẹbí ò mọ̀. Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá dókítà kan láre, ẹni tí aláìsàn rẹ̀ kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, tó sì kú. Wọ́n ní àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Bí bàbá bá ní àwọn ò gba omi dírípù mọ́, tàbí àwọn ò fẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà bọ àwọn nímú, ẹ má fipá mú wọn. Wọn ò pa ara wọn. Àìsàn ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹ pe ẹbí jọ, kí wọ́n sọ ọ́ létí gbogbo yín, kí dókítà sì kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ẹ tún máa ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdéédé rọ tàbí tí ìtọ̀ bá há, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.