Ẹ sun ọ̀dọ̀ wọn mọ́jú: fún ẹni tó ń bọ̀ wá kí àǹtí l'Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, ará wa ní Kánádà. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó di ọdún mẹ́rìnlá tí ẹ ti rí wọn gbẹ̀yìn, ẹ wá ń bèèrè bóyá ọ̀sán ọjọ́ kan á tó, kí ẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì yín ní Lẹ́kí.

Kò ní tó. Èmi náà ti ṣe é rí. Àǹtí wa ti jí láago márùn-ún, wọ́n ti ní kí wọ́n rin ewùrà sílẹ̀ fún ìkọ́kọrẹ́, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ṣe Iléyá, wọ́n gbé àga síta. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ò jẹ́ kí n dé títí di aago méjì. Nígbà tó fi máa di mẹ́rin, mo ti ń yọjú wo aago. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o wá kí mi ni, àbí o wá wò ó bóyá mo ti kú?" Mi ò tíì jẹ ìkọ́kọrẹ́ yẹn dé ìdajì. Látìgbà náà, báàgì mi ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Lọ́sàn-án, gbogbo àdúgbò ní ń wá wo ará òkè òkun, ẹ̀yin méjèèjì ò ní ráyè ara yín. Ìdájí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Bí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, ẹ jókòó tì wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa kì yín, tí wọ́n á sọ ta ló bí ta, àti ẹni tí wọ́n fi orúkọ yín pè. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn.

Ẹ má já lù wọ́n o. Àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré òjijì. Ẹ pe ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ṣáájú. Òun ló mọ etí tí kò gbọ́ràn mọ́, òun náà ló mọ ẹni tó ń bá ẹni yodì nínú ẹbí. Tẹ́ ẹ bá wọ agbo ilé, àgbà ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí.

Ẹ̀bùn: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bàtà tí kì í yọ̀, súwẹ́tà ọyẹ́. Ẹ má gbé ẹja inú agolo wá! Ẹ̀pẹ́ tí ọjà ẹja Olúwo wà? Owó tiwọn, ìgbà tó bá ku ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹbí bá sì ṣe àpèjẹ, ẹ má lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 lòdì sí i, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó sì rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀ nínú 2024.

Tí ilé yín bá jẹ́ ti Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn ìdílé tó ti Èkó wá tẹ̀dó s'Ẹ̀pẹ́, ẹ fojú sun Káyókáyó, ọdún tó máa ń tẹ̀lé Iléyá, tí wọ́n fi ń rántí Ọba Kòsọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó lé kúrò l'Ékòó ní 1851 tó wá forí lé Ẹ̀pẹ́. Àwọn ìbátan tẹ́ ò bá máa wá kiri, wọ́n á ti wálé fúnra wọn.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú báàgì tẹ́ ẹ bá ń padà. Wọ́n á di ẹja yíyan fún yín, bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣèyọnu.