Ewì Ogun Ojú Omi: Ẹ Jẹ́ Kí Àgbá Dún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ewì lórí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Èkó lọ́dún 1851. Ohun tí wọ́n kọ kún fún “akọni” àti “akínkanjú” látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ogun kankan nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Olùkọ́ kan, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Oríkì ilé wa kì í pe èèyàn ní akọni lásán, ohun tó ṣe ló máa ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n pa ewì tì ná, kí wọ́n kọ ìtàn náà ní ọ̀rọ̀ geere, ojú ìwé kan péré: ọjọ́ wo ni, báwo ni omi ṣe rí, ta ló wà létí omi, kí ló bàjẹ́. Inú rẹ̀ ni ewì yóò ti jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1591, ọkọ̀ ogun wọn kan, Revenge, dá dúró kojú ọkọ̀ Sípéènì 53 lẹ́bàá erékùṣù Flores. Lọ́dún yẹn kan náà ni Walter Raleigh, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ geere. Ó ní 100 èèyàn péré ni ara wọn le, pé aláìsàn 90 wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ ràgàjì kan, San Philip, dínà atẹ́gùn mọ́ wọn, ìgbòkun wọn sì rọ jọwọlọ. Wákàtí 15 ni wọ́n fi jà, títí ẹ̀tù fi tán. Nígbà tí Tennyson, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, wá kọ ewì rẹ̀ lọ́dún 1878, aláìsàn, atẹ́gùn tó kú àti ẹ̀tù tó tán yìí náà ló rọ̀ mọ́. Kò sì fi í pamọ́ pé nígbà tí Grenville, ọ̀gá ọkọ̀, ní kí wọ́n fọ́ ọkọ̀ náà kó rì, àwọn ọmọ ọkọ̀ kọ̀: wọ́n ní aya, wọ́n ní ọmọ nílé. Ibẹ̀ gan-an ni ewì náà ti wọni lára. (Ìbátan Grenville ni Raleigh o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ó ń gbèjà ẹbí rẹ̀.)

Ní ti Èkó, oṣù November 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, sì lé wọn padà. Wọ́n tún dé ní December 26. Bloodhound àti Teaser, ọkọ̀ eléèéfín méjèèjì, ló wọnú ọ̀sà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Kòsọ́kọ́ ti mọdi sétí omi, ó ti ri òpó igi mọ́nú omi, ó sì ti to àgbá kalẹ̀. Ni Teaser bá há sórí iyanrìn níwájú àgbá. Ibẹ̀ ni kí ewì dúró sí! Ọkọ̀ tó há kò lè yí ara padà, àgbá rẹ̀ kò sì lè kọjú síbi tó wù ú. Àfi kí àwọn jagunjagun Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀ sínú ìbọn, kí wọ́n lọ pa àgbá Èkó lẹ́nu mọ́. Ìṣó irin ni wọ́n ń fi ṣe é: wọ́n á fi òòlù gbá a wọ ihò kékeré tí iná ń gbà dé ìdí ẹ̀tù, àgbá á sì di irin lásán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi ìlà 4 kọ nípa ìṣó yẹn nìkan.

Lọ́jọ́ kejì iná sọ nílùú, ó ń jó òrùlé koríko lọ ràì. Kòsọ́kọ́ sá, ó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ yín níbẹ̀. Akítóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ ti lé kúrò tẹ́lẹ̀, padà sórí oyè.

Àwọn ará Èkó ti fi ìró ọjọ́ náà sílẹ̀ fún wa: Ogun Agídìngbì. Ẹ pè é sókè. Ohùn gùn dé “gí”, ó wá já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, “dìn” àti “gbì”. Wọ́n tún ń pè é ní Ahóyaya, bí omi tó ń hó nínú ìkòkò. Ewì wa kò nílò kí ìparí ìlà máa jọra bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwítúnwí àti ohùn ló ń gbé e rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó jọra kiri yóò sọ ìtàn nù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó tọ́ ká máa ki Kòsọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé òwò ẹrú ló ń ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó tọ́. Ẹ ki Kòsọ́kọ́ nítorí ogun tó jà, kí ẹ sì sọ òwò tó ṣe. Láti Èkó ni wọ́n ti ń kó èèyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba. Òwò yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn wá dá dúró, ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára epo pupa pẹ̀lú. Ẹ fún ẹrú tó wà ní àhámọ́ lọ́jọ́ náà ní ìlà 6. Kò mọ̀ bóyá ìró àgbá yẹn ni yóò tú òun sílẹ̀ tàbí ni yóò pa òun. Ewì tí kò bá gbọ́ ohùn tirẹ̀ kò tíì fẹ́ràn Èkó dénú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè lo ìlù?

ÌDÁHÙN: Bẹ̀m̀bẹ́ kan tó. Kí gángan dákẹ́ nígbà tí àgbá bá ń dún. Èéfín ni ẹni tó wà lókèèrè ń kọ́kọ́ rí. Ìró máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó rin kìlómítà kan. Kí ọmọ kan na aṣọ funfun sókè, kí gbogbo wọn ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú, kí onílù tó lu bẹ̀m̀bẹ́.