Ṣé àpótí kan ṣoṣo lè dáàbò bo ibùdó iná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Èmi ni mò ń bójú tó ibùdó iná kékeré kan. Ẹnìkan gbé àpótí kan wá tà fún wa. Ó ní bí a bá fi já àwọn kọ̀ǹpútà wa kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ọ̀daràn tó lè pa iná wa mọ́. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń fi ẹ̀rù tajà sì ń bí mi nínú.

“Já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí” yẹn gan-an ló léwu. Jíjá a kúrò dáa, ẹ ṣe é, àmọ́ ilẹ̀kùn iwájú nìkan lẹ tì yẹn. Ẹni tó ń bá yín tún ẹ̀rọ ṣe ńkọ́? Fúláàṣì tó wà lápò rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà wo ló fi í sí lánàá? Stuxnet, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí àṣírí rẹ̀ tú lọ́dún 2010, inú fúláàṣì ló máa ń gbà ràn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ní Ukraine, àwọn òṣìṣẹ́ iná jókòó, wọ́n ń wo atọ́ka màósì tó ń rìn fúnra rẹ̀, tó ń já bíréká, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé iná, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 225,000 oníbàárà ló bọ́ sókùnkùn. Ìméèlì ni àwọn ọ̀daràn náà fi ráyè wọlé ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kí ló wá dá iná padà láàárín wákàtí díẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ ti bíréká padà.

Lọ́dọ̀ yín, ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóru láìwo kọ̀ǹpútà? Bó bá jẹ́ ẹnìkan péré, tí òun náà sì ti fẹ́ fẹ̀yìntì, mo bẹ̀ yín, ẹ fi owó àpótí yẹn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́.

Ẹ gé igi abẹ́ wáyà pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, wáyà tó rọ̀ kan igi ní Ohio, kọ̀ǹpútà tó yẹ kó kìlọ̀ dákẹ́, nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni kò ríná ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọ̀daràn kankan ò sí níbẹ̀. Tiransifọ́mà ńlá náà, ẹ tètè wá àfikún: ó lè ju ọdún kan lọ kí tuntun tó dé.

N kò tíì fojú rí ibùdó yín o. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bíréká torí ohun tí mo kọ síbí. Ẹni tó níwèé ẹ̀rí ni kó ṣe é, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé kò sẹ́ni lórí wáyà.