Tírélà ń jùrù lẹ́yìn Hilux lórí Third Mainland

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ohun èlò ayẹyẹ ni mo ń yá àwọn èèyàn ní Mushin: kánópì, àga, tábìlì àti jẹnẹrétọ̀. Hilux ni mo fi ń fa tírélà onítáyà méjì tí mo ń kó wọn sí. Nínú ìgboro, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá gun Third Mainland, tí mo ń lọ sí Lekki, bí mo bá ti sáré tó 70, tírélà á máa jùrù, á sì máa fa ìdí mọ́tò sọ́tùn-ún sósì. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Mo pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò yí padà. Ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn la máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, torí òun la kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó kẹ́yìn yẹn. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú lè dá kún un, àmọ́ kì í ṣe òun ló bí i. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ni.

Ásùlù tírélà, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, dà bí àárín jáńgílọ́fà: bí ìdí bá wúwo, imú, ìyẹn iwájú tí ẹ fi ń so ó mọ́ Hilux, á lọ sókè. Ká ní jẹnẹrétọ̀ yín wọn 300 kílò, tó wà ní mítà kan ààbọ̀ lẹ́yìn ásùlù, tí mítà mẹ́ta sì wà láàárín ásùlù àti bọ́ọ̀lù tọ́bà, irin rìbìtì ìdí Hilux tí ẹnu tírélà ń dì mú. Ó ń gbé imú sókè pẹ̀lú agbára 150 kílò. Ẹ gbé e wá sí ìdajì mítà níwájú ásùlù, yóò máa tẹ imú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú 50 kílò. 200 kílò ni ìyàtọ̀ yẹn, ẹ ò sì tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ wo ọfà: orí ni irin rẹ̀ wà. Ẹ so irin náà mọ́ ìdí rẹ̀, kò ní lọ tààrà mọ́. Eré ló ń tú àṣírí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i nínú gòsíló.

Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí imú tírélà máa tẹ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà àti ẹrù rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,200 kílò, 120 sí 180 nìyẹn. Bó bá pọ̀ jù, iwájú Hilux á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ ka àwo kékeré ara tọ́bà, kí ẹ má kọjá iye tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí èèyàn fi ń wọn ara tó láti wọn bí imú ṣe ń tẹ bọ́ọ̀lù tó. Ẹ di ẹrù bí ẹ ó ṣe gbé e gan-an, ẹ fi òkúta há táyà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù síbì kan, òṣùwọ̀n síbòmíràn, kí àlàfo wọn jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wá na pákó tó nípọn lé wọn lórí. Ẹ sàmì sí iye tí òṣùwọ̀n kà nígbà tó jẹ́ pákó nìkan. Ẹ wá gbé imú tírélà lé pákó ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn 60 sí òṣùwọ̀n. Ẹ yọ ti pákó kúrò nínú iye tó bá kà, kí ẹ sọ ìyókù di ìlọ́po mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Bó bá ga jù, imú tírélà á gbójú sókè. Ó yẹ kí tírélà tẹ́jú, tàbí kí imú rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Àwọn tọ́bà tokunbo kò dọ́gba: ẹnu tírélà tó jẹ́ ti íńṣì méjì kì í di bọ́ọ̀lù íńṣì kan àti ìdá méje nínú mẹ́jọ mú, ó sì lè fò yọ. Tí ẹ bá so ó tán, ẹ fi jáàkì gbé imú sókè: ìdí Hilux gbọ́dọ̀ bá a gòkè.

Táyà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Iye afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù tí táyà tírélà lè gbà wà lára rẹ̀, òun ni kí ẹ fún un nígbà tó bá tutù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ tún fi tépù wọn láti ẹnu tírélà dé àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀tún àti òsì kò bá dọ́gba, wẹ́dà fi ásùlù sí i ní wíwọ́ ni.

Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì lórí afárá, bóyá afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló gbá a, tàbí bọ́ọ̀sì ńlá ló yọ yín sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sítíárìn mú gírígírí ní tààrà. Ẹ má tẹ búrékì pátápátá: tírélà tí kò ní búrékì tirẹ̀ á ti ìdí mọ́tò yí. Ẹ má sì bá a jà pẹ̀lú sítíárìn, torí ìgbà tí ọwọ́ yín bá fi dáhùn, ó ti yí sí apá kejì. Irin tí wọ́n ń tà pé ó ń dá fífì dúró? Ẹ fi ẹ̀yìn sí i ná, kò lè tún ẹrù tí a dì sódì ṣe.

Ní ti pé jẹnẹrétọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ní kí wẹ́dà gé ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ tírélà, ní ìhà pèpéle títì, lọ́gangan ibi tí ó máa wà, kí ó sì fi irin yí ẹnu rẹ̀ ká. Kí ẹ fi bẹ́líìtì tó lágbára de jẹnẹrétọ̀ náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.