Ṣé Kí N Dá Oògùn HIV Dúró Nítorí Pé Mo Ń Sanra?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni mí, ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Láti 2016 ni mo ti mọ̀ pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ọkọ mi nìkan ni mo sì sọ fún. Nígbà náà mo rù kan eegun, ìró tí mò ń ró lẹ́ẹ̀kan ń yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2020 tí wọ́n pààrọ̀ oògùn HIV tí mò ń lò, efavirenz, sí òmíràn tó ń jẹ́ dolutegravir, kílò 62 ni mo wọ̀n. Mo ti di 89 báyìí, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.62. Àwọn ará ọjà ń yọ̀ mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì ní kí n dín ara kù, kò sọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa mu tíì tó ń fọ ọ̀rá ikùn. Èmi ń rò ó pé kí n sinmi oògùn náà fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé bí mo bá rù, wọn yóò ní àrùn ti dé. — Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá oògùn yín dúró, ẹ má pa ọjọ́ kan jẹ. Bí ẹ bá dá a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kòkòrò náà yóò tún máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò sì ń fi hàn pé ẹ̀rọ kò rí kòkòrò náà mọ́, ẹ kò lè kó o ran ọkọ yín nípasẹ̀ ìbálòpọ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà yín yé mi dáadáa. Àwa tí a ti dàgbà kí oògùn tó kárí rí bí àrùn náà ṣe ń mú kí èèyàn joro. Oògùn àtijọ́ pàápàá dá kún un, nítorí pé stavudine máa ń jẹ ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti ẹsẹ̀ tí ojú yóò fi wọlé, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa fi í sílẹ̀ ní 2009. Ibẹ̀ ni sísanra ti di ẹ̀rí ìlera lójú wa. Ṣùgbọ́n ojú kò lè ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀: ẹni tó sanra lè ní i rẹpẹtẹ, kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ má ní èyí tí ẹ̀rọ lè rí.

Ohun tó ṣe yín ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nínú ìwádìí ADVANCE tí wọ́n ṣe ní Johannesburg, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àwọn tó ń lo dolutegravir sanra ju àwọn tó ń lo efavirenz lọ, àwọn obìnrin ló sì sanra jù nínú wọn. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé efavirenz fúnra rẹ̀ máa ń dí sísanra lọ́wọ́ lára àwọn kan. Síbẹ̀, oògùn nìkan kọ́. Oúnjẹ wà níbẹ̀.

Bí a bá fi gíga yín, 1.62, pín kílò 89, tí a tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀, a ó rí nǹkan bíi 34, òǹkà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn sanra jù (BMI). Láti 25 ni a ti ń pè é ní ìsanra tó kọjá ìwọ̀n, 30 sókè sì ni àsanjù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn, ọkàn ẹni tó ní HIV sì ti wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ padà sí 62 ni mo ń sọ. Bí ẹ bá dín kílò 4 tàbí 5 péré kù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yóò ti mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ ọjà kan. Búrẹ́dì àti máltì ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja fi ń ti ọjọ́, títí wọn yóò fi délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí wọn yóò wá rọ ẹ̀bà bí òkè sínú àwo, tí wọn yóò sì sùn tì í. Ìgò mínírà ńlá kan lè ní ṣúgà tó kóró 10. Ẹ fi omi rọ́pò rẹ̀, ẹ jẹun ọ̀sán gidi, kí ẹ̀bà alẹ́ má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ̀fọ́ tàbí ilá gba ìdajì àwo. Ẹja tó wà lórí àtẹ yín dára púpọ̀. Yíyan tàbí sísè ni kí ó jẹ́, kì í ṣe èyí tó rì sínú òróró. Ẹ máa fi ìdajì wákàtí rìn kánkán létí ọ̀sà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹ má mu tíì yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n ń mú kí èèyàn yà. Omi ara ló ń lọ, ọ̀rá wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ gba oògùn, ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní metformin nítorí ṣúgà, ẹ rán wọn létí pé dolutegravir ni ẹ ń lò, nítorí ó máa ń mú kí metformin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n tí wọn yóò fún yín gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n.

Ní ti àwọn ará ọjà, bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tí ìró yín tún ń yí yín ká, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ní kí ẹ dín ẹ̀bà kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu yín.