Ṣé kí n ta Land Cruiser mi, kí n ra Highlander?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Land Cruiser 1996 tó ń lo pẹtiróòlù ni mo ń wà. Oko kòkó mi wà lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kìlómítà 18 sílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ń lọ lọ́sẹ̀. Mọ́tò náà ń mu epo bí ọ̀mùtí, ó sì máa ń gbóná bí mo bá ń gun òkè. Ọmọ mi ní kí n tà á, kí n fi owó kún un ra Highlander tókúnbọ̀ ti 2010. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má tíì tà á. Ọmọ yín ò purọ́ lórí ọ̀rọ̀ epo, àmọ́ orúkọ ló tàn án jẹ. Nílẹ̀ wa, ohunkóhun tó bá ti ga díẹ̀ lórí táyà, jíìpù la ń pè é. Orí ṣáàsì irin tó nà láti iwájú dé ẹ̀yìn ni Land Cruiser yín jókòó lé, ó sì ní gíà kékeré tí wọ́n kọ L sí, èyí tó fi ń rọra wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Highlander ò ní irú ṣáàsì yẹn, kò sì ní gíà kékeré yẹn. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, táyà iwájú nìkan lẹ́ńjìnnì ń yí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ọ̀pá gígùn tó ti ìdí gíà lọ sáàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, káà lásán ni, bàtà gíga ló kàn wọ̀.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Mo ta Pajero mi, mo ra RAV4 tó ń dán. Lóṣù kẹfà, lọ́nà oko kan ní Ìpólé-Ìlórò, ẹrẹ̀ dì mí mú, táyà iwájú ń yí lófo. Àwọn tó ń tì mí jáde bi mí bóyá n ò ní mẹkáníìkì ni.

Ti gbígbóná yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yín kalẹ̀ (àwa mẹkáníìkì fẹ́ràn àtitú). Bí mọ́tò bá ń gun òkè jẹ́jẹ́, atẹ́gùn ojú ọ̀nà kì í tó o, fáànù ló gbọ́dọ̀ fà á wọ inú rédíétọ̀. Ìdí fáànù tiyín ní kílọ́ọ̀ṣì kan tí òróró wà nínú rẹ̀. Bí òróró náà bá jò tán, fáànù á máa yọ̀. Bí ẹ bá rìn dé tó gbóná, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá fọwọ́ ta fáànù. Bó bá le díẹ̀, tó dúró kíá, ó ṣì dára. Bó bá ń yí bí òkòtó, ó ti kú. Kí wọ́n tún fọ ẹrẹ̀ tó há sínú rédíétọ̀.

Ó wá ku epo. Lílọ àtàbọ̀ yín jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 432 lóṣù. Bí tiyín bá ń rin kìlómítà 6 lórí lítà kan, tí Highlander ń rin 9, ẹ̀yin á jó lítà 72, òun á jó 48. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 24 lóṣù, 288 lọ́dún. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ó ń dun gbogbo wa. Síbẹ̀, ẹ ṣírò owó lítà 288 yẹn, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ fẹ́ fi kún mọ́tò. Ẹ ó rí i pé owó àfikún náà á ra epo ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó lè mú kí n ní kí ẹ tà á ni bí ṣáàsì bá ti dípẹtà. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa fi kan irin náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn tí ẹrẹ̀ máa ń kó sí. Bó bá dún gan-an-gan, irin ṣì wà níbẹ̀. Bó bá dún bòm̀, tí ìyẹ̀fun pupa ń já bọ́, ó ti jẹ ẹ́ dé inú, wẹ́dà ò lè gbà yín.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Prado tàbí Hilux ni kí ẹ wá. Hilux ni mo máa mú, torí àpò kòkó 10 ti lé ní 600 kílò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọ̀pá gíà inú rẹ̀ bóyá 4L, ìyẹn gíà kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wà níbẹ̀, torí Hilux tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń yí ò ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ń tà á ò sì ní sọ fún yín.